Ìpẹ́ Ọlọ́dà: Kí Ni Ká Pe Òrùlé Houston?

Ọmọ Yorùbá tó bá ra ilé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kì í sábà bá páànù lórí rẹ̀. Abala pẹlẹbẹ ló máa bá: fọ́nrán gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi ọ̀dà bò ó, wọ́n sì wọ́n wóró òkúta sí i lójú. Ẹni tó bá ń pè é ní páànù, ìpẹtà ni yóò máa wá kiri, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìpẹtà ló ń bá a jà.

Ìpẹ́ ọlọ́dà ni mo fara mọ́. Ọ̀kan gun orí èkejì bíi ti ẹja, kí omi lè ṣàn kọjá láìwọlé. Ní ti ọ̀dà, títì ọlọ́dà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Orúkọ ohun tí ń ṣe é ló le jù. Ooru àti ìtànṣán oòrùn á fa òróró inú ọ̀dà gbẹ, pàápàá bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè jáde lókè àjà. "Bàjẹ́" kò tó fún èyí. Ńṣe ni ọ̀dà náà máa ń gan. Bó bá ti gan, á máa sán, kò sì ní lè di wóró òkúta mú mọ́, òjò á gbá wọn lọ sínú gọ́tà. Mi ò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan fún ìyẹn: wóró ń jábọ́, ó parí. Bí ọ̀rinrin bá há sínú ìpẹ́, ooru á mú un wú, ojú rẹ̀ á sì léròrò. Awọ ara la sábà ń sọ ọ́ fún, àmọ́ ó bá òrùlé náà mu.

Ìlà dúdú tó ń ṣàn wálẹ̀ lára òrùlé ni kí a ṣọ́ra fún jù. Ohun ẹlẹ́mìí ni, Gloeocapsa magma ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ó fẹ́ràn ọ̀rinrin, ó sì ń jẹ lára òkúta ẹfun lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà. Ewédò ni kí a pè é, kì í ṣe èérí. Ẹni tó bá pè é ní èérí á gbé ẹ̀rọ tí ń fipá tu omi tì í, ẹ̀rọ náà á sì kó wóró tó ṣẹ́kù lọ. Ọ̀já bàbà tàbí síǹkì tí wọ́n kàn mọ́ góńgó òrùlé ló ń dí ewédò náà lọ́wọ́, nítorí òjò á máa fọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ sórí ìpẹ́. Ẹ ní kí káfíńtà yín fi sí i.