Ṣíṣọ́ Ẹyẹ ní Etí Adágún: Bí Ojú Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìbọn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ṣọ́", ni Yorùbá fi ń sọ iṣẹ́ méjì tí ó jọ pé wọ́n lòdì sí ara wọn. Ọdẹ a máa ṣọ́ ẹran kí ó lè pa á. Ọdẹ kan náà a sì máa ṣọ́ ìlú lóru kí ibi má bàa wọlé. Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe kúrò nídìí ìṣọ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí ìdí èkejì ní etí àwọn adágún wọn, láàárín nǹkan bí 80 ọdún. Ẹyẹ omi kan ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn, a ó rí i pé ìtàn yìí kan Ìbàdàn pẹ̀lú.

Great crested grebe ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹyẹ náà. Grebe lásán ni a ó máa pè é. Ó tó pẹ́pẹ́yẹ, ọrùn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, ẹja ni ó sì ń rì sábẹ́ omi lọ mú jẹ. Nígbà tí òtútù bá mú gan-an, kò sí ohun púpọ̀ tí ènìyàn lè wò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbà òtútù bá ti ń lọ sópin, láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹta, ìyẹ́ dúdú méjì a yọ sókè lórí rẹ̀ bí ìwo, ìyẹ́ pupa rúsúrúsú a sì yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ká. Akọ àti abo a dojú kọ ara wọn lórí omi, wọn a máa mi orí. Nígbà mìíràn àwọn méjèèjì a rì, wọn a fi ẹnu gbé koríko odò wá sókè, wọn a sì nà ró ní àyà sí àyà bí ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣọ́ ẹyẹ ṣe fẹ́ràn láti lọ sí etí adágún ní ìparí òtútù, nígbà tí igi kò tíì rúwé tí yóò dí wọn lójú.

Ẹwà ẹyẹ yìí ni ó kó bá a. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ funfun, ó kí, ó sì ń dán bí sílíkì. Láti àárín ọ̀rúndún 19, àti pàápàá lẹ́yìn Àfihàn Ńlá tí wọ́n ṣe ní London ní 1851, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí fi awọ àyà rẹ̀ rán aṣọ òtútù, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ orí rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí fìlà àwọn obìnrin. Gẹ́gẹ́ bí iye tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí, nígbà tí ó fi di 1860, nǹkan bí 42 tọkọtaya péré ni ó kù ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní onímọ̀ ẹyẹ pàápàá kò gbà pé ènìyàn mọ ẹyẹ kan àfi bí ó bá ti yìnbọn fún un, tí ó sì gbé awọ rẹ̀ sínú àpótí. Irinṣẹ́ kan náà ni oníṣòwò àti onímọ̀ jọ ń lò.

Ní 1880, ìjọba ṣe òfin tí ó dá ààbò bo àwọn ẹyẹ igbó láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n a ti rí i pé kí oṣù kẹta tó wọlé ni ìyẹ́ tí àwọn oníṣòwò ń wá ti máa ń hù lórí grebe. Àwọn obìnrin ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ibi tí òfin mọ. Ní 1889, Emily Williamson dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Didsbury, nítòsí Manchester. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ ni pé àwọn kò ní fi ìyẹ́ ẹyẹ kankan tí a kò pa fún jíjẹ ṣe ọ̀ṣọ́, àfi ti ògòǹgò. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin Croydon ní 1891, ọba sì fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé àṣẹ ní 1904. Síbẹ̀, ó di 1921 kí àwọn aṣòfin tó fòfin de kíkó ìyẹ́ ẹyẹ wọ̀lú fún títà. Kí a rántí pé nígbà tí àwọn obìnrin wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀, wọn kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin kan.

Bí wọ́n ti ń bá ọjà jà, àwọn mìíràn ń yí ọ̀nà ìmọ̀ padà. Ẹ wo àwọn ọmọ ìyá méjì kan. Ẹ̀gbọ́n, Frederick Selous, di olókìkí nípa pípa erin àti kìnnìún ní gúúsù Áfíríkà. Àbúrò rẹ̀, Edmund, jókòó jẹ́ẹ́ ní etí omi, ó sì ń kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní 1901 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Bird Watching, èyí ni ṣíṣọ́ ẹyẹ. Grebe wà lára àwọn ẹyẹ tí ó ṣọ́.

Ní 1912, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Julian Huxley lọ sí àwọn adágún Tring ní Hertfordshire. Adágún àtọwọ́dá ni wọ́n, tí a ṣe láti máa fún ipadò àwọn ọkọ̀ ojú omi ní omi. Ó ṣọ́ àwọn grebe bí wọ́n ti ń jó, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1914. Darwin ti kọ́ni pé akọ ni í sábà ṣe oge, tí abo a sì yan èyí tí ó wù ú. Huxley rí i pé lára grebe, akọ àti abo jọ ń ṣe oge náà ni. Àti pé koríko tí wọ́n ń gbé, tí í ṣe ohun ìkọ́lé, ti di àmì láàárín wọn. Kò sí awọ inú àpótí tí ó lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ní 1931, Tom Harrisson àti P. A. D. Hollom ké sí àwọn olùfẹ́ ẹyẹ pé kí wọ́n ka gbogbo grebe orí adágún. Ó ju 1,000 ènìyàn tí ó jẹ́ ìpè náà, tọkọtaya ẹyẹ tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales sì ju 1,000 lọ. Ohun tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run ti padà bọ̀ sípò.

Níbo ni Ìbàdàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà? Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Walter Elliot láti gbìmọ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Huxley wà nínú rẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti náà sì wà níbẹ̀. Ẹnu ìgbìmọ̀ kò kò. Ransome-Kuti àti àwọn tí ó pọ̀ jù fẹ́ kí kọ́lẹ́jì wà ní Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone. Huxley àti àwọn díẹ̀ fẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ní Ìbàdàn. Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948. Ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, Kenneth Mellanby, onímọ̀ kòkòrò ni. Lẹ́yìn tí ó padà sílé, ó darí ibùdó ìwádìí Monks Wood láti 1961, níbi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí bí oògùn apakòkòrò inú oko ṣe ń pa ẹyẹ lára.

Kì í ṣe pé kí a fi grebe ṣe àwòkọ́ṣe ni mo ṣe kọ èyí. Àwọn ọdẹ wa mọ ẹyẹ nípa igbe rẹ̀ kí ojú wọn tó rí i, ìmọ̀ wọn sì kún inú ìjálá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lára wa tí ń ka ìjálá nínú ìwé kò lè tọ́ka sí ẹyẹ tí a ń kì. Ní 2016, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dìbò láti de òwò odídẹrẹ́ igbó láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, nítorí pé ó ń tán lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìkóódẹ wà lórí àwọn adé wa.

Adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí a sé ní 1942, wà ní Ìbàdàn, ní àdúgbò tí kọ́lẹ́jì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lékèélékèé tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ a máa wá bá wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa lọ síhà àríwá nígbà òjò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ ọjọ́ tí ó dé àti ọjọ́ tí ó lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Kí olùkọ́ kan kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sétí omi, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n sì bi ọdẹ àdúgbò ní orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbówó lórí, ṣùgbọ́n bí àwọn ọdẹ àgbà bá lọ tán, kò sí ẹni tí yóò lè bá wa ṣe é mọ́.