Ọ̀pá Atẹ̀máṣẹ́

Ìlú Kàdúná mọ eré ìta gbangba. Oṣù kejì ọdún 1977 ni àwọn ẹlẹ́ṣin Òkè Ọya pé jọ síbẹ̀ fún ayẹyẹ Dọ́bà ti àjọ̀dún àṣà FESTAC. Òkìtì náà kò ṣàjèjì níbẹ̀: àwọn Haúsá ń pè é ní alkafura, ọmọ Yorùbá tí wọ́n jọ ń ṣeré lórí yanrìn sì mọ orúkọ méjèèjì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ fún eré tí àwọn onísákọ́ọ̀sì ń pè ní ọ̀pá ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Orúkọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kò sọ iṣẹ́ tí ọ̀pá náà ń ṣe. Ọ̀pá fáíbà mẹ́ta, irú èyí tí eléré ìdárayá fi ń fò kọjá igi gíga, ni wọ́n máa ń tò pọ̀, tí wọ́n á fi téèpù dì pinpin. Ẹni méjì á gbé e lé èjìká, ẹnì kẹta á dúró láàárín. Ọ̀pá á tẹ̀, á sì jù ú sókè. Mo pè é ní ọ̀pá atẹ̀máṣẹ́. A kò lè pe àwọn tó gbé e ní ọlọ́pàá, iṣẹ́ mìíràn ti gba ọ̀rọ̀ yẹn. Agbọ́pàá ni mo fara mọ́.

Ẹnì kẹta, atàkìtì, kò nílò orúkọ tuntun. Nígbà tí arìnrìn-àjò òyìnbó Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dún 1826, àwọn eléré jó, wọ́n sì tàkìtì nínú àpò níwájú rẹ̀.

Ibi tó le ni ìsọ̀kalẹ̀. Ẹnu á fẹ́ sọ pé atàkìtì balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Ó bà lé ọ̀pá ni. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ẹni tó mọ òwe yìí ti lóye iṣẹ́ agbọ́pàá. Ojú wọn kì í kúrò lára ẹni tó wà lókè; wọ́n á sún ọ̀pá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì rọ orúnkún bó ṣe ń bà. Bó bá tún fẹ́ lọ, wọ́n á tì í. Bó bá ti parí, wọ́n á pa ipá ọ̀pá kó má baà jù ú mọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò gbọdọ̀ ké “ẹ pa á!” nígbà tí ènìyàn wà lófuurufú. “Ẹ gbà á!” ni kó ké.