Kọ́bọ̀ Oníhò Ọdún 1936: Àṣìṣe Arọwó Ni Tàbí Ẹ̀rí Ìtàn?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1936, Ọba Edward Kẹjọ fi ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ láì tíì dé adé. Ìjọba rẹ̀ kò pé oṣù mọ́kànlá. Owó onírin tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ sí fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kò jáde fún títà àti rírà. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára kọ́bọ̀ tí wọ́n rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kọ́bọ̀ yìí, tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ ń ná, ní ihò láàárín. Kò sí àyè fún orí ọba níbẹ̀. Adé, orúkọ ọba àti iye owó ni ó wà lójú kan. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lójú kejì. Àwọn arọwó kò ní láti dúró de àwòrán kankan: wọ́n pààrọ̀ orúkọ, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ìdí nìyí tí kọ́bọ̀ ọdún 1936 fi wà ní oríṣi méjì: ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ George Karùn-ún, èkejì pẹ̀lú orúkọ Edward Kẹjọ. Nígbà tí ó di ọdún 1937, orúkọ George Kẹfà ti gorí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn yìí lè pe kọ́bọ̀ Edward ní àṣìṣe, kí ó sì fi owó ńlá rà á. Kì í ṣe àṣìṣe, kò sì ṣọ̀wọ́n. Bákan náà ni lẹ́tà H tàbí KN tí ó wà lára àwọn kan: àmì ilé ìrọwó méjì ní Birmingham ni wọ́n.

Kí wá ni àṣìṣe tòótọ́? Òun ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ kí owó tó kúrò nílé ìrọwó. Wọ́n á kọ́kọ́ gé irin pẹlẹbẹ, wọ́n á lu ihò sí i, kí òǹtẹ̀ méjì tó tẹ̀ ẹ́ lókè àti nísàlẹ̀. Bí irin náà kò bá jókòó dáadáa sábẹ́ òǹtẹ̀, lẹ́tà yóò gé lápá kan, apá kejì yóò sì wà lófìfo. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò ní dín, nítorí kò sí ohun tí ó kúrò lára irin. Bí ó bá fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fi ayùn ha á. Bí ihò bá fẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ojú ibi tí irinṣẹ́ ti gé e ṣì ń dán, ọwọ́ ẹ̀dá ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Èyí tí ó kàn ti pa rẹ́ nínú àpò àti lọ́jà, ogbó ni.

Òṣùwọ̀n kékeré àti kọ́bọ̀ mìíràn tí a lè fi wé e ti tó láti dá ọ̀pọ̀ ẹjọ́ yìí. Kọ́bọ̀ Edward kò lè sọ ẹni tí ó ni ín di olówó. Ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí sí ọba kan tí orúkọ rẹ̀ wọ ọjà wa, tí ojú rẹ̀ kò sì wọ ọjà ìlú tirẹ̀.