Ilé Amìmáwó

Àmì kékeré kan ló wà láàrin ìsẹ̀lẹ̀ àti ìṣẹ̀lẹ̀. Èyí tó ní àmì lábẹ́ s lè jẹ́ ìgbéyàwó tàbí ìdìbò. Èyí tí kò ní ni ilẹ̀ tó ń mì. Bí ìwé ìròyìn bá yọ àmì sílẹ̀, bọ́rọ̀ ṣe dàrú nìyẹn. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ gùn: ọmọdé tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ti mọ ohun tí ilẹ̀ ń ṣe.

Ará Àkùngbá-Àkókó tí òkè àpáta yí ká lè ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Lóòótọ́, ilé orí àpáta kì í sábà mì tó ilé orí yanrìn tàbí àkúrò. Àmọ́ ilẹ̀ Yorùbá ti mì rí: ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, lóṣù Kẹta 2000, láti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn títí dé Àkúrẹ́, lóṣù Kẹsàn-án 2009, ní Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn ò wó ìlú kankan. Ti Accra lọ́dún 1939 wó ilé, ó sì pa èèyàn.

Bí ilé bá wó, àmúwá Ọlọ́run ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 2010. Ìwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀ ti Haiti jẹ́ 7.0, ti Chile jẹ́ 8.8, èyí tí agbára rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ju ti Haiti lọ. Ní Chile, àwọn tó kú lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní Haiti, wọ́n ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ. Òfin ilé kíkọ́ tí Chile ti ń tẹ̀ lé tipẹ́ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà.

Ibi tí iṣẹ́ títúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ sí Yorùbá ti le jù ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ resilience, tí wọ́n ń lò fún ilé, tí wọ́n tún ń lò fún ìlú. Ìfaradà ni ọ̀pọ̀ fi ń túmọ̀ rẹ̀. N kò gbà. Ẹni tí ìyà ń jẹ tó dákẹ́ ló ní ìfaradà. Bí a bá fi ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí, a ti sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹni tó fọwọ́ sí àwòrán ilé, a sì ti gbé e lé ayálégbé lórí. Ọ̀rọ̀ méjì ló yẹ ká ní.

Ti ilé, ẹ jẹ́ ká pè é ní amìmáwó. Ó lè sán, ó lè dégbò. Kò gbọdọ̀ wó lu ẹni tó sùn sínú rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ilé abẹ́-ṣófo, irú èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, tó wà lójú títì wa láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà: òkè kún fún yàrá àti ògiri, ìsàlẹ̀ jẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ńlá. Bí ilẹ̀ bá fà á sí ẹ̀gbẹ́, òpó ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá. Lára ohun tó ń mú ilé di amìmáwó ni bíìmù tó ń yí orí ògiri ká, tí bíríkìlà mọ̀. Ọ̀já-ògiri ni mo máa pè é nínú ìwé, nítorí pé ńṣe ló ń di ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí wọ́n má baà yà síra.

Ti ìlú ni ìkọ́fẹpadà. A máa ń sọ pé ọjà tó jóná ti kọ́fẹ padà, kò sì sí ẹni tó máa ń béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Nínú rẹ̀ la ó ti rí ohun tí àwọn ìwé ń pè ní ìbáṣepọ̀ àwùjọ, ọ̀rọ̀ tó dùn létí tí kò gbé òkúta kan. Ọ̀wẹ̀ ni kí wọ́n kọ níbi tí ẹnì kan ti ké pe ọ̀pọ̀ èèyàn láti wá kó àwókù. Àáró níbi tí a ti ń bá ara wa ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, tí ọ̀la jẹ́ ti ẹlòmíì. Ara ìkọ́fẹpadà náà ni aládùúgbò tó mọ̀ pé ìyá àgbà wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé tó wó.

Ó ku ìmì-àtẹ̀lé, ìmì tó ń tẹ̀ lé ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá, èyí tó ń bá èèyàn nígbà tó bá sáré padà wọlé lọ gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn. Akéde ò nílò rẹ̀; "Ó tún lè mì, ẹ má tíì wọlé!" ló yẹ kó ké, kí ẹlòmíì sì tún un ké ní èdè Ukaan àti Akpes fún àwọn ará Àkókó tí Yorùbá kì í ṣe èdè ilé wọn.