ILẸ̀KÙN ỌKỌ̀ ÀTI ÌTÀN BECONTREE

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwa kan nínú ẹgbẹ́ yìí ti ń gbé ní Becontree, ṣùgbọ́n a kò bèèrè ìtàn ibẹ̀ rí. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tí ó ṣẹ́ ni ó mú wa bèèrè. Ọkọ̀ àgbà ni, owó mẹkáníìkì kò sì sí lápò akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà a tú u fúnra wa lẹ́bàá títì.

Nígbà tí a ṣí pátákó inú ilẹ̀kùn, a rí i pé ọwọ́ tí à ń fà kọ́ ni ó ń di ilẹ̀kùn mú. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so ó mọ́ lọ́ọ̀kì tí ó wà létí ilẹ̀kùn. Lọ́ọ̀kì yìí ní eyín irin tí ó ń gbá irin ara òpó ọkọ̀ mú ní ẹ̀ẹ̀mejì: a ó gbọ́ "kẹ́" kìn-ín-ní, a ó gbọ́ "kẹ́" kejì. Bí ilẹ̀kùn kò bá tì tán, kẹ́ kìn-ín-ní ni kì í jẹ́ kí ó ṣí lójú ọ̀nà.

Bàbá òyìnbó kan tí ó dúró wò wá sọ pé irú iṣẹ́ yìí ni àdúgbò náà fi jẹun. Òótọ́ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Becontree ní 1921 lórí ilẹ̀ oko, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé há mọ́ ní East End. Nígbà tí yóò fi di 1935, ilé ibẹ̀ ti tó bí 26,000. Ní 1931 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́, lọ́rì ni, jáde ní ilé iṣẹ́ Ford tí wọ́n kọ́ sórí àbàtà etí odò Thames ní Dagenham. Ilé iṣẹ́ Briggs tí ó múlé tì í ni ó ń ṣe ara ọkọ̀ fún un, títí Ford fi rà á ní 1953.

Láyé ìgbà náà, lọ́ọ̀kì ọkọ̀ kò lágbára. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ilẹ̀kùn a ṣí gbayawu, a sì da èrò sójú títì. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà yẹ ìjàǹbá ọkọ̀ wò ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì rí i pé ikú sún mọ́ ẹni tí ó bá fò jáde ju ẹni tí ó dúró sínú ọkọ̀ lọ. Ford ti Amẹ́ríkà fi lọ́ọ̀kì tí ó lágbára sí ọkọ̀ 1956 rẹ̀. Nígbà tí ó di 1968, ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ di òfin.

Ní 1968 yìí kan náà, ní oṣù kẹfà, obìnrin 187 tí ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀ ní Dagenham daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́ tí kò gba ọgbọ́n. Láìsí ìjókòó, ọkọ̀ kò lè jáde. Ilé iṣẹ́ dúró. Wọ́n padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òfin owó ọ̀yà dọ́gba sì jáde ní 1970. Síbẹ̀, ó di 1984 kí wọ́n tó ka iṣẹ́ wọn kún iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ní 2002 ni wọ́n ṣíwọ́ títo ọkọ̀ pọ̀ ní Dagenham.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé ohun tí ojú kì í wò ni ó ń gbé ohun tí ojú ń wò ró. Nílé, ọ̀pọ̀ wa ni ó ti wọ ọkọ̀ tí okùn di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, tí a sì fi ṣe ẹ̀rín. Okùn kò ní kẹ́ kejì. Ẹni tí ó bá ń ra tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sílé, kí ó tẹ́tí sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kí ó tó sanwó. Ẹni tí ó bá sì ń tú u fúnra rẹ̀, kí ó dán lọ́ọ̀kì wò nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. A gbàgbé ọ̀pá kan, ilẹ̀kùn tì, kò ṣí mọ́, a sì gba fèrèsé wọ ọkọ̀ lójú bàbá yẹn.