Eré Orí Ìgbì Lẹ́nu Ọ̀sà Èkó

Àwa ọmọ Ẹ̀fọ̀n Kùmọ̀yẹ, tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ òkè ni a ń kọ́kọ́ rí, a kì í lá àlá òkun; bẹ́ẹ̀ sì ni omi ilẹ̀ wa kò ṣíwọ́ lílọ síbẹ̀. Ní Ìgèdè, tí kò jìnnà sí Arámọkọ ilé Alárá, ni Ọ̀ṣun, Òòrè Yèyé, ti ṣẹ̀, tí ó gba Òṣogbo kọjá, tí ó ṣàn títí ó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kì, tí ọ̀sà sì fà á gba ẹnu Èkó Àkéte lọ fún Olókun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó lórí òkúta ní Tarkwa Bay, níbi tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ti í gbé ènìyàn dé, tí mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí pákó, tí ìgbì ń gbé wọn bọ̀ bí ẹni gun ẹṣin, mo ní eré òyìnbó ni wọ́n ń ṣe. Èrò òpè ni.

Ní nǹkan bí 1640, nígbà tí Michael Hemmersam, ọmọ Jámánì, ń gbé etíkun tí à ń pè ní Gánà lónìí, ó rí i pé àwọn òbí a máa so ọmọ mọ́ pákó, wọn a sì gbé e sómi, kí ó lè mọ omi í wẹ̀. Ìwé James Alexander, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 1837, ròyìn àwọn ọmọkùnrin Ákrà tí wọ́n fi pákó fífúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì bá a wọlé. Kí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe sinimá The Endless Summer, èyí tí gbogbo ayé wò ní 1966, tó wá gun ìgbì ní Gánà àti Nàìjíríà, eré náà ti pẹ́ lọ́wọ́ onílé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é l'Ékòó ni ó jẹ́ tuntun. Yanrìn tí ó dí ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé láyé àtijọ́, nítorí náà ni ìjọba amúnisìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri òkúta sínú òkun láti nǹkan bí 1908, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kó òkúta náà wá láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí. Ṣùgbọ́n yanrìn etíkun wa arìnrìn-àjò ni, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ògiri dá a lọ́nà, ó kó jọ sí apá kan, Bar Beach ní apá kejì kò rí tirẹ̀ gbà mọ́, òkun sì jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn ni omi ti rọlẹ̀, tí Tarkwa Bay fi di ibi ìṣeré, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ìgbì nìkan ti ń gbé pákó: ní ilẹ̀ Wales, níbi tí afẹ́fẹ́ ti le, ìgbòkun ni wọ́n ń dè mọ́ pákó, tàbí káìtì ńlá irú èyí tí àwọn Legaignoux, ọmọ ìyá méjì ní ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1984. Afẹ́fẹ́ tiwa kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Ìjì tí ó jà ní ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ni ó ń rán ìgbì sí wa, tí yóò rin ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó dé, tí ó sì máa ń lágbára jù lásìkò òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun kan náà ń ru ìkùukùu lọ kọlu òkè Ẹ̀fọ̀n.

Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ọmọ kan níwájú mi jẹ́ kí ìgbì méjì kọjá, ó ń wẹ̀yìn lórí èjìká. Nígbà tí ẹ̀kẹta gbórí sókè, ó fọwọ́ wa omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bá a dé orí iyanrìn lẹ́sẹ̀ mi.

"Bàbá, ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé òkun wà nílùú yín?"

"Kò sí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n omi wa wà nínú èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn yẹn."