Aṣọ Là Ń Kí, Kí A Tó Kí Ènìyàn

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó, kó wo ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí Àríwá bá Gúúsù jà. Nígbà tí Ààrẹ Abraham Lincoln ké sí 75,000 ọkùnrin lóṣù Kẹrin 1861 pé kí wọ́n wá gbé ìbọn, ìpínlẹ̀, ìlú àti àwọn olówó ló ń dáṣọ fáwọn tó jáde. Kálukú sì dá èyí tó wù ú.

Ti àwọn Zouave ló gbajúmọ̀ jù: jákẹ́ẹ̀tì péńpé oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ pupa, ọ̀já gbọọrọ nídìí, fìlà pupa tàbí láwàní. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìmúra yìí ti ṣẹ̀. Àwọn Zwawa, ará orí òkè ní Algeria, ni Faransé kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ ogun lọ́dún 1830, orúkọ wọn ló sì di Zouave.

Elmer Ellsworth ló mú aṣọ yìí gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1860, ó kó àwọn ọ̀dọ́ Chicago kiri ìlú, wọ́n ń fi ìbọn dárà, èrò ń wò wọ́n. Nígbà tógun dé, àwọn panápaná New York ló kó jọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1861, ó já àsíá Gúúsù lórí òrùlé hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Alexandria. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni oníhòtẹ́ẹ̀lì náà yìnbọn pa á. Lincoln sunkún, inú ilé Ààrẹ ni wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí.

Àwọn kan ní fáàrí lásán ni aṣọ náà. N kò gbà. Nínú ìjà Bull Run ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 1862, nǹkan bí 500 ọmọ ogun 5th New York ló dúró nínú kẹ̀ǹbẹ̀ pupa. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ìbọn ti ba nǹkan bí 300 nínú wọn, ó lé ní ọgọ́rùn-ún tó kú. Aláfẹ́ kì í dúró gba irú ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, aṣọ kò ṣáájú ènìyàn mọ́. Àwọn ọmọ ogun 155th Pennsylvania ja ìjà Fredericksburg àti Gettysburg nínú aṣọ búlúù tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Àríwá ń wọ̀. Ìgbà tí ọ̀gá ogun rí i pé wọ́n mọ iṣẹ́ ni wọ́n tó fún wọn ní aṣọ Zouave ní 1864, bí oyè. Òun ni wọ́n wọ̀ dé Appomattox, níbi tí ọ̀gágun Gúúsù, Robert E. Lee, ti juwọ́ sílẹ̀ lóṣù Kẹrin 1865.